Ìfilọ́lẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀fẹ̀ gba gbogbo ilé: ṣé kí a fòfin dè é?

Ìbéèrè kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn ádímìn ẹgbẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tó ń retí géèmù kan tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n fi lọ́lẹ̀. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, ẹ̀fẹ̀ ló kún ilé. Ẹni kan á jí, á ní géèmù ti jáde, irọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní àwọn ọmọ òun á ti ṣègbéyàwó kó tó dé. Wọ́n tún wá ń fi àwọn tó ń ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ gidi kì í rí ìdáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe géèmù náà wà láàárín wa, kì í fèsì mọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí a fòfin de àwàdà títí di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Kí ni kí a ṣe?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn, nítorí ẹrù méjì ni ẹ dì pọ̀ síbẹ̀, ẹ sì pe méjèèjì ní orúkọ kan. Èkíní ni pé ẹ̀fẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ gidi ò rí àyè jókòó. Èkejì ni pé ẹnì kan wà láàárín yín tó ti dákẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èkíní, gbólóhùn kan péré lẹ fún èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn jù. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó wà nídìí òfin tí ẹlẹgbẹ́ yín dábàá.

Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ṣàwàdà lórí nǹkan kò ka nǹkan náà sí. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n tọ́ dàgbà bẹ́ẹ̀, pé ojú líle la fi ń sọ ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ẹ̀mí wọn gan-an wà lórí ìfilọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1961, Alan Shepard wọ inú ọkọ̀ Freedom 7 ní Cape Canaveral. Òun ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí òfurufú. Bó ṣe wọlé, ó rí ìwé pélébé kan níwájú rẹ̀, láàárín àwọn aago àti bọ́tìnì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ níbí. Inú ọkọ̀ náà há débi pé ènìyàn ò lè na ara tán. John Glenn ló fi ìwé náà síbẹ̀, Glenn tí òun náà fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ipò náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Shepard rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí mẹ́rin lọ, bí ojú ọjọ́ ò bá dí wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ á dí wọn lọ́wọ́, títí ó fi ní kí wọ́n yanjú ìṣòro kékeré wọn kí wọ́n sì tanná ran àbẹ́là náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún epo tó sì jókòó lé lórí ló ń pè ní àbẹ́là. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọkùnrin yẹn kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1969, tó ku bíi wákàtí mẹ́ta kí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, Guenter Wendt ló ń ran àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ òṣùpá fún Neil Armstrong, fóòmù ló fi ṣe é, ó sì fi bébà dídán wé e. Armstrong náà fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tákísí tó ní ó wúlò láàárín pílánẹ́ẹ̀tì méjì èyíkéyìí. Michael Collins gbé ẹja kan tí wọ́n kàn mọ́ pátákó lé e lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wò ó, àwọn tí wọn ò mọ̀ bóyá àwọn á padà wálé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń ta ara wọn lọ́rẹ ẹ̀fẹ̀. Ní Jet Propulsion Laboratory, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní California, ọkọ̀ aláìlénìyàn tí wọ́n pè ní Ranger, mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú wọn ni kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Nígbà tó kan Ranger 7 ní oṣù Keje ọdún 1964, ẹnì kan nínú wọn ń pín ẹ̀pà káàkiri yàrá iṣẹ́ kí ara wọn lè rọ̀. Ranger 7 yọrí sí rere, láti ìgbà náà títí dòní, ẹ̀pà kì í wọ́n nínú yàrá yẹn bí nǹkan ńlá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó gbà pé ẹ̀pà ló ń gbé ọkọ̀ lọ sí òṣùpá.

Ohun tó pa àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn yín ni ìdúró. Ìdúró láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń ni ènìyàn lára ju iṣẹ́ gan-an lọ. Àwọn tó ń ṣe géèmù yín ní ohun tí wọ́n ń gbá mú lálẹ́, kódà bó jẹ́ àṣìṣe tí kò gbọ́ títún ṣe. Àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ yín kò ní nǹkan kan. Wọn ò lè mú ọjọ́ náà yá, wọn ò lè ṣèrànwọ́, wọn ò sì lè mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà ní ìkáwọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní àwọn ọmọ òun á ti ṣègbéyàwó kó tó dé, ohun tó ń sọ ni pé, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ nǹkan yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ já mi kulẹ̀.” Bó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú á tì í. Ìdí nìyẹn tó fi fi ẹ̀rín bò ó.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ tiyín jù lọ ni géèmù kan tó ń jẹ́ Hollow Knight: Silksong. Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2019, kò sì jáde títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó lé ní ọdún mẹ́fà àbọ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, àwọn tó ń retí rẹ̀ sọ ìdúró di eré. Wọ́n ń kun ojú ara wọn bíi ti aláwàdà nínú àwòrán nígbàkigbà tí ìrètí bá tún já sófo. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó ń gbé fídíò jáde lójoojúmọ́ láti sọ fún ayé pé kò sí ìròyìn kankan lónìí. Ẹni tó bá wò wọ́n látòkèèrè á rò pé wọ́n ti sọ géèmù náà di ohun ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde ọjọ́ ní 21 oṣù Kẹjọ, tí ọjọ́ náà sì pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èrò rọ́ wá débi pé àwọn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá bíi Steam àti ti Nintendo dá kú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀fẹ̀ ló bá wọn tọ́jú àga wọn kó má baà tutù.

Mo ní ti ara mi láti sọ. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bójú tó ẹgbẹ́ kan tó ń retí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń yàwòrán. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé àwòrán kẹ́tùlù kan síta láràárọ̀, kẹ́tùlù ògbólógbòó tí ọwọ́ rẹ̀ ti jóná lápá kan, á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Omi ti wà lórí iná.” Àwọn yòókù á bi í bóyá ó ti ń hó. Á ní, “Ó kù díẹ̀.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, ìwé dé pé wọ́n ti sún ìfilọ́lẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ni mo máa gbé ìkéde náà síta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sì dúró de èébú. Èsì àkọ́kọ́ tó wọlé ni tirẹ̀: “Ẹ bu omi sí i, èyí ti gbẹ.” Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, gbogbo ilé ti ń sọ irú omi tí àwọn á bù. Inú bí àwọn ènìyàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú náà rí ibi jókòó, kò rìn kiri wá ẹni tó máa bù jẹ. Àwọn àwòrán kẹ́tùlù bí ogójì tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ló pèsè àga náà. Bí mo bá ti fòfin dè wọ́n nítorí pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi, kì bá sí nǹkan kan láti dì mú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀ nínú lẹ́tà yín, bẹ́ẹ̀ èdè wa ti ya wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́. Àwàdà ni èyí tí gbogbo ilé jọ ń rín, tí kò sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lè bá ẹnì kan wí, ṣùgbọ́n ẹni náà lè dá a padà, kí ọ̀rọ̀ sì dọ́gba. Bó bá ti di yẹ̀yẹ́, ẹnì kan ti wà nísàlẹ̀ tí kò lè dá nǹkan kan padà mọ́. Ẹ̀sín ló tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi ń dójú ti ènìyàn lójú ọ̀pọ̀ èrò. Kẹ́tùlù wa, àwàdà ni. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ, àwàdà ni, torí ìdúró ló ń bá wí. “Ó ti jáde” tí kò jáde, ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ní ewu tirẹ̀ tí màá sọ. Èyí tí wọ́n ń sọ nípa àwọn tó ń ṣe géèmù, ẹ̀yin fúnra yín pè é ní yẹ̀yẹ́, mo sì gbà yín gbọ́.

Ohun tó mú kí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ ṣòroó mọ̀ ni pé ó lè má sí ẹni kankan tó jẹ̀bi rẹ̀. Ogójì ènìyàn, kálukú ju òkò wẹ́wẹ́ kan, kò sí èyí tó lè ta ẹṣin lára nínú wọn. Ẹni tí gbogbo òkò ń bà ló mọ̀ pé òkìtì ló ti wà lórí òun. Bí ẹ bá pe ẹnikẹ́ni nínú wọn, á wo ẹ̀yìn, á rí òkò kékeré kan tó jù, á ní kí lòun ṣe. Òótọ́ ló ń sọ. Ìdí nìyí tí fífi ìyà jẹ ẹnì kan kì í fi í yanjú rẹ̀.

Mo jẹ̀bi ọ̀ràn yìí rí, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nínú ẹgbẹ́ kẹ́tùlù yẹn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń bá àwọn tó ṣe ètò náà wá àṣìṣe. Nítorí pé ó sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé iṣẹ́ kò tíì yá, wọ́n sọ ọ́ ní Kò-tíì-yá. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ fi orúkọ náà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á fi gbólóhùn gidi dá wọn lóhùn, á fi ẹ̀fẹ̀ san ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó di “ha ha” lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àwòrán ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo kà, ojú mi ò sì rí i. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé òun máa ń ṣí ẹgbẹ́ náà lálẹ́ pẹ̀lú àyà jíjá, láti wo iye ìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ yẹn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi náà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ó ti ń dun òun.

Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ lọ́dọ̀ yín, òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló dí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìfilọ́lẹ̀ kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ń rí oorun sùn. Ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ti bó. Wíwò látòkèèrè ò lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀, kó kúrú, kó má sì dà bí ìwádìí. Bí èmi bá ni, màá kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú làálàá. Mo rí i pé ẹ̀fẹ̀ ti pọ̀ nípa yín láìpẹ́ yìí. Ṣé ó ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín, àbí ó ti tó? Èyí tí ẹ bá sọ ni màá ṣe, mi ò sì ní dárúkọ yín.” Ẹ kíyè sí i pé mi ò bi í bóyá ó ń dùn ún. Díẹ̀ ni àgbàlagbà tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìyẹn. Bó bá ní ó ti tó, ẹ dá ẹ̀fẹ̀ tó jẹ mọ́ ọn dúró lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí àlàyé gígùn, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀yin ádímìn lẹ pinnu bẹ́ẹ̀. Bó bá ní ó ṣì dùn mọ́ òun, ẹ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún bi í ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ “ó ti jáde.” Ìwé kíkọ kì í gbé ohùn, ohùn ló sì ń sọ fún wa pé eré ni. Ìṣòro yìí ti dàgbà. Ní ọdún 1982, ní yunifásítì Carnegie Mellon, ẹnì kan kọ ẹ̀fẹ̀ sójú pátákó ìfiránṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà pé mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, ti dà sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Àwọn kan gbà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ gidi. Látinú àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ni Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, fi dábàá àmì :-) láti fi hàn pé eré ni ọ̀rọ̀. Àmì ojú ẹ̀rín tí gbogbo ayé ń lò lónìí, àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí ẹ̀fẹ̀ ló bí i. Ní 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn tó kọ í-meèlì rò pé ìgbà 78 nínú 100 ni ẹni tó ń kà á máa mọ̀ bóyá àwọn ń ṣẹ̀fẹ̀ tàbí àwọn ń sọ òótọ́. Ìgbà 56 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí ènìyàn ju owó ẹyọ sókè. Ó tún lè yí padà bìrí, kí òótọ́ dà bí ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Google kéde Gmail ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2004, tí wọ́n ní àwọn á fún kálukú ní àyè gígábáìtì kan, àwọn ènìyàn rò pé irọ́ ọjọ́ àwọn aláwàdà ni, torí àyè tí àwọn yòókù ń fúnni nígbà náà kéré jọjọ.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún yín kọjá pé àyà ẹnì kan já. Bí ìfilọ́lẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníjìbìtì náà mọ̀. Wọ́n á gbé línkì jáde pé ibi tí wọ́n ti ń gba géèmù rèé, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á gbé kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí kó kó ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí “ó ti jáde” bá ti di ẹ̀fẹ̀ ojoojúmọ́ tó ní línkì nídìí, olè ti rí ẹ̀wù wọ̀ nìyẹn. Òfin tí mo fara mọ́ pátápátá ni pé ẹ̀fẹ̀ ìjáde tó bá ní línkì, pípa rẹ́ ni, láìbéèrè, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé orin ni línkì náà ń lọ sí.

Ní ti òfin ńlá tí ẹlẹgbẹ́ yín fẹ́, mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ọjọ́ mẹ́wàá sí ìfilọ́lẹ̀ ni wọ́n ní àwàdà ò sí mọ́. Ọjọ́ kìíní parọ́rọ́, inú àwọn ádímìn dùn. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, àwọn tó ń pani lẹ́rìn-ín ti lọ kọ́ ilé mìíràn tí kò ní ádímìn, ohun tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ti korò, torí òfin náà gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, àṣìṣe kékeré kan tí ènìyàn lè fi ẹ̀rín rékọjá di ìjà, kò sì sí ẹni tó lè tú u ká, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti jáde. Mi ò ní fi èyí sọ pé òfin ò ní àǹfààní. Ó fún àwọn tuntun tó ń wá ìdáhùn ní ìsinmi, ó sì dáàbò bo ẹni tí wọ́n bá ń dọdẹ. Bí wọ́n bá ń dọdẹ ẹnì kan, ẹ fòfin de ọ̀rọ̀ nípa ẹni náà. Ẹ má fi òfin kan náà gbé gbogbo ẹ̀rín ilé lọ.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀fẹ̀. Ó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pín ilé sí méjì: àwọn tó ń béèrè ò ní mọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì máa le sí i níbi tí ojú ẹlòmíràn ò sí. Òdìkejì rẹ̀ ni mo máa ń ṣe báyìí. Òótọ́ ni mo máa ń fún ní yàrá. Ibi kan ṣoṣo tí ádímìn nìkan ti lè kọ̀wé: ọjọ́ àti wákàtí ìfilọ́lẹ̀, aago orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ń lò, irú ẹ̀rọ tó máa gbé e, iye àyè tó máa gbà, ohun tí kò ní sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe kẹ́yìn sí i. Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìdajì nínú ìráhùn yín, pé ẹni tó béèrè kì í rí ìdáhùn, á tán níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á sì máa lọ ní pálọ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ wọ inú ẹ̀fẹ̀ náà. Ádímìn tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú pàṣán kò lè darí eré. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni àwọn tó ń ṣe géèmù, ẹ má wàásù fún un. Ẹ dáhùn pé, “Wọn ò lọ́ra o, àwa la ń ka ọjọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.” Ẹ ti gbé ẹ̀fẹ̀ kúrò lórí ènìyàn, ẹ gbé e padà sórí ìdúró, kò sì sí ẹni tí ojú tì. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ṣe é. Bí ẹni kan náà bá tún dá a padà sórí ènìyàn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibì kan wà tí gbogbo ìmọ̀ràn yìí lè má ràn yín lọ́wọ́ tó, ìyẹn bí wọ́n bá tún sún ọjọ́ síwájú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ CD Projekt Red sún géèmù wọn, Cyberpunk 2077, láti 19 oṣù Kọkànlá sí 10 oṣù Kejìlá. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é gba ìhàlẹ̀ pé wọ́n á pa wọ́n. Irú ìyẹn ti jáde kúrò lábẹ́ orúkọ ẹ̀fẹ̀. Ìhàlẹ̀ sí ẹ̀mí, ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀, ẹ lé ẹni náà jáde, ẹ sì sọ fún ẹni tí wọ́n halẹ̀ mọ́ kó lè fi tó àwọn agbófinró létí. Ìsúnsíwájú lásán kò ní láti dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń kéde ló wà. Nígbà tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ń gbìyànjú láti gbé ọkọ̀ Artemis I sókè, wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n tún dá a dúró ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án nítorí háídírójìn tó ń jò. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde wá sọ ohun tó bàjẹ́ àti ibi tó ti bàjẹ́. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ló tó gbéra. Bí àwọn tó ń ṣe géèmù yín bá ní ọjọ́ ti yẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Inú òkùnkùn ni yẹ̀yẹ́ ti ń hù.

Mi ò mọ àwọn ènìyàn yín bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n, mo sì lè ti ṣi ohùn ilé yín gbọ́ láti inú lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí yàrá òótọ́ bá wà fún ọ̀sẹ̀ kan tí ìbéèrè ṣì ń ṣègbé, a jẹ́ pé ẹ nílò ádímìn sí i, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó dákẹ́ náà ní òun fẹ́ kúrò, ẹ má dá a dúró nítorí ìfilọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí i lálẹ́ òní, kí ẹ tó jókòó sọ ọ̀rọ̀ òfin pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ yín, torí ohun tó bá sọ lè yí òfin tí ẹ máa ṣe padà.